Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ lórí BIOS kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa?

Olùkọ́ kan tó ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì kọ̀wé sí mi pé ẹgbẹ́ àwọn òbí ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì mẹ́jọ fún wọn, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, Dell OptiPlex 3020 márùn-ún àti OptiPlex 3060 mẹ́ta. Láràárọ̀ ni aago méjì nínú àwọn 3020 náà máa ń padà sí ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́, tí ọ̀pọ̀ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì kò sì ní ṣí lórí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá wò wọ́n. Ó ní BIOS gbogbo wọn, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, ti gbó, pé kí ilé-ẹ̀kọ́ sanwó kí òun sọ wọ́n dọ̀tun, pé fáìlì tó wọ gbogbo Dell wà nínú fláàṣì òun, àti pé tí òun bá ti ṣe é tán, Windows 11 yóò wọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí pé kọ̀ǹpútà kan tí òun mọ̀ kú pátápátá níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀. Olùkọ́ wa ń béèrè ẹni tí òun yóò gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Kí n má baà fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín dúró kí ẹ tó mọ ibi tí mo fẹsẹ̀ sí: ẹ má ṣe jẹ́ kí fáìlì inú fláàṣì ẹnikẹ́ni wọ ọ̀kankan nínú kọ̀ǹpútà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ fi BIOS àwọn OptiPlex 3020 márààrún sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣèlérí fún yín nípa wọn kò lè ṣẹ. Ẹ sọ ti àwọn OptiPlex 3060 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀tun, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú fáìlì tí ẹ fi nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà náà gbà láti ojú òpó Dell, ní ọjọ́ tí iná kò lè já yín kulẹ̀. Igbákejì ọ̀gá yín sún mọ́ òótọ́ ju ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ, àmọ́ ẹ̀rù ló ń ba á, kò tíì mọ ibi tí ewu náà sá pamọ́ sí.

Tí ẹ bá ṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà yín, ẹ óò rí ibi náà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Ṣíìpù dúdú kékeré kan ni, kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, àmì róbótó bíńtín ní igun kan láti fi ẹsẹ̀ kìn-ín-ní hàn. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ óò ti rí nọ́ńbà bíi 25Q128, èyí tó túmọ̀ sí pé ó gba mẹ́gábíìtì 128, tí í ṣe mẹ́gábáìtì 16 péré. Inú rẹ̀ ni BIOS ń gbé. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, kí Windows tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ètò inú ṣíìpù yìí ti dìde, ó ti jí mẹ́mórì, ó ti ṣàyẹ̀wò kíbọ́ọ̀dù, ó ti rí ibi tí dísìkì wà, kó tó fa iṣẹ́ lé Windows lọ́wọ́. Tí Windows bá bàjẹ́, a ó fi òmíràn sí i, torí pé BIOS wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gbà wá láyè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn BIOS. Tí iná bá lọ lẹ́yìn tí a ti pa ti àtijọ́ rẹ́, tí a kò sì tíì kọ tuntun tán, kọ̀ǹpútà náà yóò tan iná iwájú rẹ̀, fáànù yóò yí, ojú rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn, nítorí pé kò mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Èmi ọmọ Èkìtì mọ̀ pé ẹni tó bá dá iyán dúró lágbedeméjì ṣì lè rí kókó rẹ̀ ṣà. BIOS tí a kọ dé ìdajì kò ní kókó tí ọwọ́ lè ṣà. Ẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CIH pa BIOS ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ́ káàkiri ayé, àwọn tó ni wọ́n tẹ bọ́tìnnì títí, kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ tò jọ tán kó tó tà á, irú tiyín, kò rí bí èyí tí ẹnì kan ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì tò wọ́n jọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra mọ́dábọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ yóò lọ gba BIOS lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù. Dell, HP àti Lenovo máa ń gbé iṣẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ mìíràn láti bá wọn ṣe, Foxconn, Pegatron, Wistron àti irú wọn, ṣùgbọ́n BIOS orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà: òun ló mọ irú fáànù tó wà nínú àpótí yẹn, bí iná iwájú rẹ̀ yóò ṣe máa ṣẹ́jú tí nǹkan bá bàjẹ́, àti irú prósẹ́sọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó gbà. Nítorí náà, orúkọ yòówù tí ẹ bá kà lára mọ́dábọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ṣí àpótí, kò gbọdọ̀ darí yín lọ sí ojú òpó ẹlòmíràn. Mo ti rí ẹni tó kà pé ṣíìpù tó ń darí mọ́dábọ́ọ̀dù OptiPlex 3020 ni H81, tó sì lọ gba BIOS mọ́dábọ́ọ̀dù H81 ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, pé ṣebí H81 kan náà ni. Èkìtì kan náà ni Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé, síbẹ̀ ẹni tó ń lọ sí Ìkọ̀lé kì í wọ ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́.

Kódà láàárín Dell sí Dell, kò sí fáìlì tó wọ gbogbo wọn. OptiPlex 3020 ń ka ẹ̀dà BIOS tirẹ̀ ní A pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi A05. 3060 ń ka tirẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́ta tí àmì ìdánudúró wà láàárín wọn, bíi 1.5.2, ti ọ̀kan kò sì wúlò fún èkejì rárá. Fáìlì tí Dell fúnra rẹ̀ gbé jáde máa ń kọ́kọ́ béèrè orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, tí kò bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe é fún, yóò kọ̀ jálẹ̀. Tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá wá ní fáìlì kan tó ń wọ gbogbo wọn, ọ̀nà tó ṣeé ṣe jù kó gbà wọlé ni kó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ẹnu bíi ti ẹ̀mú di ẹsẹ̀ mẹ́jọ ṣíìpù yẹn mú, kó sì fi tipátipá kọ ohun tó bá wù ú sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wúlò, mo ní i, a sì máa ń fi jí kọ̀ǹpútà tó ti kú. Àmọ́ olóko kì í yọ àdá sí ẹ̀gúsí tó ń hù dáadáa.

Mo rí ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó. Wọ́n gbé OptiPlex 9020 méjì wá láti ọ́fíìsì kan, ẹ̀sùn wọn ni pé tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan, yóò dákẹ́ lórí èkejì. Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń so wáyà náà mọ́ ní tuntun, kò yí padà. Mo tan méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tẹ àṣẹ «getmac» sínú ọ̀kan, mo kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá tó jáde sórí páálí, mo tẹ ẹ́ sínú èkejì, mo sì rí i pé méjìléèjìlá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún kà á. Mo wọ BIOS wọn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì, kò sì bá èyí tó wà lára àpótí ọ̀kankan nínú wọn mu. Ẹnì kan ti ka gbogbo ohun tó wà nínú ṣíìpù kọ̀ǹpútà kẹta, ó sì dà á sínú àwọn méjì yìí. Lórí irú mọ́dábọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, BIOS nìkan kọ́ ló ń gbé inú ṣíìpù náà: àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ ìsopọ̀ Intel fi ń jẹ́ orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ Windows tí ilé-iṣẹ́ bá rà mọ́ kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Fáìlì Dell máa ń yẹra fún àwọn yàrá wọ̀nyí, ohun tí a kó láti ara kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bá wọn dá àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ padà, ìdajì ọjọ́ ló gbà mí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ Windows wọn ti bá omi lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ àwọn 3020 wò. Prósẹ́sọ̀ inú wọn jẹ́ ìran kẹrin ti Intel, èyí tí wọ́n ń pè ní Haswell. Windows 11 ń béèrè ìran kẹjọ sókè, ó ń béèrè TPM 2.0, tí í ṣe ibi ìpamọ́ kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń béèrè Secure Boot, tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò kí Windows tó wọlé. Kò sí BIOS tó lè sọ ìran kẹrin di ìran kẹjọ. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n wà tí àwọn kan fi ń ti Windows 11 wọlé ní tipátipá, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe gbà, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì yẹ kó gbé ẹ̀kọ́ ọmọ lé irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí Windows 10 sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ohun tí èmi yóò fi sórí márààrún ni Linux Mint, ètò tó ń gba ipò Windows, tó ní ibi ìtẹ̀wé, ibi ìṣirò àti ohun tí wọ́n yóò fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní BIOS wọn ti gbó. BIOS kì í gbó bí aṣọ. Èyí tó ń jí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2014 tí kò sì fa ìjàngbọ̀n yóò máa jí i lọ. Ìdí kan tí wọ́n lè fi bá yín jiyàn ni àbùkù ààbò tí wọ́n kéde nínú prósẹ́sọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, àwọn tí wọ́n pè ní Spectre àti Meltdown. Intel yára ṣe àtúnṣe kan tí prósẹ́sọ̀ yóò máa kà nígbà tó bá ń jí, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yára fi í sínú BIOS tuntun, àwọn tó máa ń gba ohun gbogbo lọ́jọ́ tó bá jáde sì yára gbà á. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù yẹn kan náà, Intel fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá a dúró lórí Haswell àti ìran tó tẹ̀ lé e, torí pé àwọn kọ̀ǹpútà kan ti ń kú, tí wọ́n sì ń jí fúnra wọn. Èyí tó dára jáde lẹ́yìn náà. Windows àti Linux náà sì lè gbé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún prósẹ́sọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wọlé, láìkan BIOS. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa kò ní gbà pẹ̀lú mi níbí. Wọn yóò ní kí ẹ ṣe é síbẹ̀. Ní ilé tí iná ti dúró gbọn-in, bóyá. Ní Ìkọ̀lé, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ óò fi Linux sí, mi ò rí èrè tó tó ewu náà. Ọ̀rọ̀ yóò yí padà tí ẹ bá ní ìṣòro kan pàtó, bóyá mẹ́mórì tàbí dísìkì kan tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀, tí ẹ sì kà á nínú àlàyé tí Dell kọ sábẹ́ fáìlì pé ìṣòro yẹn gan-an ni ẹ̀dà náà yanjú.

Àwọn 3060 yàtọ̀. Ìran kẹjọ ni prósẹ́sọ̀ wọn, Windows 11 yóò gbà wọ́n, wọ́n sì ṣì ní ọdún mélòó kan níwájú tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́. Ìdí pàtàkì kan tún wà. Secure Boot tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń lo ìwé-ẹ̀rí tí Microsoft ṣe ní ọdún 2011, a sì ti kọ ọ́ sára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé láti oṣù kẹfà ọdún 2026 ni ọjọ́ wọn yóò máa pé. Kọ̀ǹpútà kò ní torí ìyẹn kọ̀ láti jí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín gbowó. Àmọ́ èyí tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí tuntun kò ní lè máa gba ààbò tuntun fún ibi tí Windows ti ń jí. Windows Update ló ń gbé ìwé-ẹ̀rí tuntun náà wá, àwọn kọ̀ǹpútà kan sì wà tí wọ́n nílò BIOS tuntun kí wọ́n tó lè gbà á wọlé.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tẹ F2 nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí, kí ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ sì ka orúkọ kọ̀ǹpútà náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tí Dell ń pè ní Service Tag, lẹ́tà àti nọ́ńbà méje lápapọ̀, àti ẹ̀dà BIOS tó wà níbẹ̀. Ẹ fi í wé èyí tó lẹ̀ mọ́ ara àpótí. Àwọn tó ń tọ́jú tòkunbọ̀ kí wọ́n tó kó o wálé máa ń gbé mọ́dábọ́ọ̀dù ọ̀kan sínú àpótí òmíràn, tí méjèèjì kò bá sì bára mu, èyí tó wà nínú BIOS ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni ín fi sílẹ̀, ẹ yanjú ìyẹn ná kí ẹ tó gbèrò ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tó ní ètò pàtàkì, ní pàtàkì jù lọ èyí tí wọ́n kọ «SATA Operation» sí. Tí ètò yìí bá yí padà láàárín AHCI àti RAID On, ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà lè gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀, Windows yóò gbé ojú búlúù kò yín, pé òun kò rí dísìkì, ẹ óò sì rò pé BIOS tuntun ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlà kan ṣoṣo ni ẹ ní láti dá padà.

Ẹ lọ sí ojú òpó Dell, ẹ tẹ nọ́ńbà méje yẹn, ohun tí yóò gbé wá fún yín nìkan ni kí ẹ gbà. Ẹ ka àlàyé rẹ̀ tán, nítorí pé wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá wà lórí ẹ̀dà àtijọ́ gan-an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà kan ná, wọ́n sì tún lè kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti kọjá síbẹ̀ kò ní lè padà sẹ́yìn mọ́. Tí ẹ̀dà náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fún un ní oṣù kan. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Tí BitLocker, ètò tó ń ti dísìkì pa, bá wà lórí Windows wọn, ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ sì kọ nọ́ńbà 48 tó fi ń ṣílẹ̀kùn sínú ìwé, àìṣe bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi máa ń jí pẹ̀lú BIOS tuntun tí yóò sì ní òun kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Ní ti iná, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ rárá. Láàpútọ́ọ̀pù ní bátìrì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba BIOS tuntun àfi tí ṣájà bá wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní ohun tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbà pé iná tó ń jẹ yóò dúró. Ẹ má ṣe gbára lé iná ọba nìkan, ẹ má sì gbára lé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí epo rẹ̀ lè tán tàbí tí ẹlòmíràn lè ki ẹ̀rọ ìlọta bọ̀. Ínfátà dára, tí bátìrì rẹ̀ bá kún. UPS náà dára, àmọ́ ẹ dán an wò ní ọjọ́ kan ṣáájú: ẹ so kọ̀ǹpútà kan àti ojú rẹ̀ kan mọ́ ọn, ẹ yọ UPS kúrò lára ògiri nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì wo aago yín. Kọ̀ǹpútà yìí kì í mu tó 100 wọ́ọ̀tì nígbà tó bá ń gba BIOS, nítorí náà UPS tí kò bá lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kú, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí lé e lọ́wọ́. Ẹ má ṣe é nígbà tí òjò bá ṣú pẹ̀lú àrá.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ da fáìlì náà sórí fláàṣì tí wọ́n tò sí FAT32, ọ̀nà ìtòjọ fáìlì tí BIOS lè kà, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ máa tẹ F12 títí tí àkójọ yóò fi jáde, kí ẹ yan «BIOS Flash Update», kí ẹ sì fi fáìlì náà hàn án. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí a ṣe é láti inú Windows lọ, torí pé kò sí ètò mìíràn tó ń dí i lọ́wọ́. Ìlà kan yóò máa rìn lọ láti òsì sí ọ̀tún. Níbi kan, fáànù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni pé kọ̀ǹpútà fẹ́ fò, ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn, ó sì lè kú kó jí lẹ́ẹ̀mejì kí àmì Dell tó padà. Gbogbo ìyẹn ló wà létòlétò. Ibi tí fáànù ti ń ké yìí gan-an ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì pa á, mo sì lérò pé irú rẹ̀ ló pa kọ̀ǹpútà tí igbákejì ọ̀gá yín mọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ló sábà máa ń gbà; ẹ má fọwọ́ kàn án kí ó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ṣe ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó ṣe èkejì.

Tí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé kò jí, ẹ má ṣe tíì pe ẹni tó ní ẹ̀mú. Ọ̀pọ̀ Dell láti ọdún 2015 ló ní ọ̀nà ìdápadà: ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ di Ctrl àti Esc mú lórí kíbọ́ọ̀dù oníwáyà, ẹ dá wáyà padà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí kò bá tàn fúnra rẹ̀, kí ẹ má sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ojú ìwé ìdápadà yóò fi hàn. HP náà ní irú rẹ̀, bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú B ni tiwọn. Ìyẹn náà wà lára ìdí tí ọkàn mi fi balẹ̀ lórí 3060 ju 3020 lọ.

Ohun kan tí wọn kò bi mí ni mo fẹ́ fi kún un. Windows Update lè gbé BIOS tuntun wá fún àwọn 3060 yìí fúnra rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nígbà tí ọmọ kan bá ní kó kú kó jí, ní ọ̀sán gangan, láìsí UPS, láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Nínú BIOS wọn, ní apá ààbò, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní «UEFI Capsule Firmware Updates». Ẹ pa á báyìí, títí di ọjọ́ tí ẹ bá múra tán, kí ẹ̀yin lè jẹ́ ẹni tó yan ọjọ́ náà.

Ó ku aago tó ń padà sẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé BIOS ti gbó. Bátìrì ló kú. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ óò rí bátìrì róbótó fàdákà kan bí owó ẹyọ, wọ́n kọ CR2032 sára rẹ̀. Fóólítì 3 ni agbára rẹ̀, òun ló sì ń mú aago rìn nígbà tí a bá yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná. Tí aago bá padà sí ọdún tó ti kọjá, àwọn ojú òpó yóò kọ̀ láti ṣí, torí pé ìwé-ẹ̀rí ààbò wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ tán, ẹ ti irin kékeré tó di bátìrì náà mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò ta jáde fúnra rẹ̀. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì àròpọ̀ kọjú sókè. Ẹ wọ F2, ẹ tún ọjọ́ àti àkókò ṣe, ẹ fi «SATA Operation» wé àwòrán inú fóònù yín. Tí mo bá wà nípò yín, bátìrì mẹ́jọ ni n óò kọ́kọ́ yọ nínú owó tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń béèrè, kí n tó fi ìyókù wá UPS tó dára.